Kòkòrò Tí Ìyá Mi Ń Sìn

Iṣu 14 ni mo bà jẹ́ fún ìyá mi lọ́dún tó kọjá. Mi ò jí wọn tà, mi ò sì sè wọ́n jẹ. Omi irú ni mo fi wẹ̀ wọ́n, tí mo tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàngó, tí mo sì ń yangàn kiri bí ẹni tó ti rí oògùn ikú. Kí ẹ tó bi mí pé kí ló pa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ iṣu àti irú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ló fà á. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka wa ni.

Ìyá mi ń ta iṣu, ó sì ń ta irú. Àtẹ rẹ̀ kò jìnnà sí títì Jẹ́bà àtijọ́ tó gba àdúgbò wa kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ mọ́tò láti Ṣàngó lọ sí Kúlẹ́ńdé rí á ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni iṣu ti ń wá. Bàbá Oko ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀bá Bódè Sáàdú ló ń dáko sí. Ní ti irú, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí wọ́n ti ń se irú rí mọ̀ pé òórùn rẹ̀ máa ń bá èèyàn dé kíláàsì. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìn-ín-ní, ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn mi béèrè bóyá inú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo sùn mọ́jú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá aṣọ mi sí ilé aládùúgbò.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdáàbòbò ohun ọ̀gbìn mú bébà kan wá bá mi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣu tó ń jẹrà nínú àká, wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sí ojú ewé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n bá àwọn tú u sí Yorùbá. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ ìperí ni mo fẹ́ fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi. Gbogbo rẹ̀ rọrùn títí mo fi dé gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró: pé àwọn bakitéríà kan wà tó ń ṣe ohun ọ̀gbìn lóore, tí wọ́n ń bá èbu tó ń fa jíjẹrà jà. Mo kọ ọ́ báyìí: "Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń ṣe iṣu ní àǹfààní." Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn létí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Oko kó iṣu wá. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ àmàlà, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbọ́ nǹkan kan tí mo kọ fún àwọn àgbẹ̀. Ó tẹ́tí títí mo fi dé ibi gbólóhùn mi.

"Àjíkẹ́, ka ibẹ̀ yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà.

"Kòkòrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èyí tó dára ni."

"Láti ìgbà tí mo ti gbé ọkọ́, kòkòrò ni mò ń pa. Èyí tó ń jẹ ewé, mo pa á. Èyí tó ń dá iṣu lu, mo pa á. Owó oògùn kòkòrò tí mo ti ná, ó tó mi í kọ́ yàrá kan. Ẹ̀yin wá kàwé kàwé, ẹ ní kí n lọ fowó ra kòkòrò, kí n wá fún un sí iṣu tí mo fẹ́ jẹ?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Oko kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó ṣáájú, iṣu tó jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́ pọ̀ débi pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí Pọ́lì ti gbà wọlé, jókòó sílé fún ọdún kan gbáko nítorí owó. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ oògùn lẹ ní, ẹ pè é ní oògùn," ó sì dìde.

Ọ̀rọ̀ tí bébà náà ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu tí wọ́n ń wà ní àgbáyé, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í dé inú ìkòkò. Bí ọkọ́ bá ha iṣu lára nígbà tí wọ́n ń wà á, bí eku bá gé e jẹ, bí ó bá forí gbá irin mọ́tò lójú ọ̀nà, ojú ọgbẹ́ yẹn ni èbu ń gbà wọlé. Àwọn onímọ̀ mọ̀ wọ́n lórúkọ: Aspergillus niger, Botryodiplodia theobromae, oríṣiríṣi Fusarium àti Penicillium. Ìbátan olú ni gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ta agboorùn. Ìyá mi kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí búrẹ́dì bá bu, èbu ni. Bí elùbọ́ bá bu, èbu ni. Ohun tó burú nínú ti iṣu ni pé ó lè le lọ́wọ́, kó dára lójú, kí oníbàárà san owó rẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọ̀ ọ́ tí a bá inú rẹ̀ ní dúdú. Oníbàárà yẹn kò ní padà wá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ èbu. Olè ni yóò pè é.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí ni èyí tí R. N. Okigbo tẹ̀ jáde ní 2005 nínú jọ́nà Mycopathologia. Inú ilẹ̀ oko ló ti rí bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis. Ó dán an wò lára àwọn èbu tó ń mú iṣu jẹrà, ó wá rọ ọ́ sínú pọ́ǹpù tí àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó fún un sí iṣu lára, ó sì tò wọ́n sí àká ìbílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fún un, ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún oṣù márùn-ún, èbu tó wà lára iṣu dín kù gidigidi. Oṣù márùn-ún! Bí ẹ bá wa iṣu ní oṣù Ọ̀pẹ, ìyẹn á gbé e dé oṣù Èbìbí, nígbà tí iṣu ti gbówó lórí tí ẹni tó ní í lè dá iye tó bá wù ú lé e.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ. Ó ń ṣe àwọn èròjà kan tí wọ́n ń jẹ́ iturin, fengycin àti surfactin. Bí ọṣẹ ni wọ́n rí: apá kan ara wọn fẹ́ omi, apá kejì fẹ́ ọ̀rá, wọ́n sì fi ń lu awọ ara èbu jò. Ó tún máa ń tètè gbalẹ̀. Bí ó bá ti bo ojú ọgbẹ́, tó ń jẹ ohun tó ń sun níbẹ̀, èbu tó bá dé lẹ́yìn kò ní í bá àyè. Bó bá jẹ́ ohun ọ̀gbìn tó ṣì wà lóko ni, á máa ta á lólobó láti ẹ̀bá gbòǹgbò, tí ewéko náà á fi múra ogun kí àrùn tó dé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ooru. Bí nǹkan bá le fún bakitéríà yìí, yálà iná tàbí ọ̀dá, á ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle kan, á sùn. Omi híhó kì í sábà pa á. Bí ara bá tún rọ̀ ọ́, á jí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n rọ ọ́ sínú páálí, kó máa dúró de àgbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ka ti omi híhó yìí ni òórùn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ imú mi.

Ẹ wo ohun tí ìyá mi ń ṣe. Á se hóró igbá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, á ṣàn án, á tún un sè. Bó bá jẹ́ irú pẹ̀tẹ̀ ló fẹ́, á fi kúúrú sí i kó lè rọ̀. Bó bá jẹ́ irú wooro, kò ní í fi sí i. Lẹ́yìn náà á dà á sínú igbá nígbà tó ṣì lọ́ wọ́rọ́, á fi ewé bò ó, á fi àpò dì í, ó di ọjọ́ kẹta. Kò fi ìwúkàrà kankan sí i. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta, hóró tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, nǹkan kan tó ń yọ̀ tó sì ń fà bí ilá ti bò wọ́n. Ìyá mi á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Ó ti gbà."

Ọmọ ẹ̀ka wa ni mí, mi ò lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí ló gbà? Ta ló gbà á? Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò ní àbọ̀, ìyá mi kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó ní in.

Bacillus subtilis ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ hóró igbá di irú. Òun náà ni Sawamura rí nínú natto àwọn ará Japan ní 1906, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n máa ń fi koríko ìrẹsì dì. Síse ti pa ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí mìíràn tó wà lára hóró igbá. Èyí tó ti ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle, tàbí èyí tó ń dúró dè é lára ewé àti igbá, ló máa ń jogún oúnjẹ náà. Mo lọ bi ìyá mi léèrè ìdí tí kì í fi í fi ọṣẹ fọ igbá irú, ohun tí mo ti ń bú u fún láti kékeré.

"Èyí tó kù lára igbá ló ń pe èyí tó ń bọ̀," ló wí, ó sì ń ṣa òkúta kúrò nínú hóró igbá rẹ̀ lọ.

Ohun ọ̀sìn ni. Ìyá mi ń sin ohun abẹ̀mí kan tí kò fojú rí rí. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń da àpò bò ó kí òtútù má baà mú un, ó mọ ọjọ́ tó máa dàgbà, ó sì mọ òórùn tó máa ń rùn bí ara rẹ̀ kò bá dá. Kò pè é ní kòkòrò rí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí Bàbá Oko ń sọ. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, kòkòrò kì í ṣe orúkọ lásán, ẹ̀sùn ni. Oyin ní ìyẹ́, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n àfi olùkọ́ bàọ́lọ́jì ló ń pè é ní kòkòrò. Oyin ni oyin. Ohun tó bá jẹ wá léyín ni kòkòrò, ohun tó bá dá ẹ̀wà wa lu ni kòkòrò. Nígbà tí àwọn elétò ìlera dé, wọ́n fi àìfojúrí kún un, wọ́n sì kó ohun tó ń fa onígbáméjì, ikọ́ àwúgbẹ àti éèdì sábẹ́ rẹ̀. Ní 2020, kòrónà bá wọn wọ ibẹ̀. Bakitéríà ló ń fa onígbáméjì, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kòrónà, àwọn méjèèjì kò bára tan rárá. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe sí wa la fi mọ̀ wọ́n. Èmi wá mú orúkọ tí a ti fi pe gbogbo ọ̀tá fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àrùn, mo fi "tó ń ṣe àǹfààní" sí i nídìí, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Bí ẹni tó ní kí ẹ wá kí olè kan tó níwà ni.

Mo ṣí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990. Ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe ìwé náà fún, kò sì yẹ kí n máa wá bakitéríà níbẹ̀. Àwọn Òyìnbó tó sọ ti wa yìí lórúkọ kò da ara wọn láàmú tó mi. Ehrenberg, ará Jámánì, pè é ní Vibrio subtilis ní 1835. Ferdinand Cohn yí i padà sí Bacillus subtilis ní 1872. Ní èdè Látìn, bacillus ni ọ̀pá kékeré, subtilis ni tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá kékeré tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n rí nínú maikirosíkóòpù ni wọ́n sọ; wọn kò bú u, wọn kò kì í. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Mo ní, wò ó, orúkọ tó mọ́ tónítóní nìyí, orúkọ tí kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó báyìí: Bacillus subtilis ló ń gba iṣu lọ́wọ́ èbu, Bacillus subtilis ló wà nínú irú, irú sì kún ilé wa. Kí ni mo tún ń dúró dè? Ní oṣù Èrèlé, mo ya iṣu 20 sọ́tọ̀ nínú 60 tí Bàbá Oko kó wá. Mo po irú tútù mọ́ omi, mo sẹ́ ẹ, mo fi kànìnkànìn fọ erùpẹ̀ ara iṣu kúrò dáadáa, mo fi omi irú wẹ̀ wọ́n, mo sì tò wọ́n sórí ara wọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ti ilẹ̀kùn kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Irú ti ọbẹ̀ ni o, Àjíkẹ́."

Mo sọ orúkọ Látìn náà fún un. Ó dákẹ́. Ó gbà pé ọmọ òun ti kàwé. Èyí ló ṣì máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ju iṣu lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òórùn tó ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn jáde kì í ṣe ti irú. Iṣu 14 ti rà nínú 20. Àwọn 40 tí n kò fọwọ́ kàn, tí ìyá mi tò síta lábẹ́ ìbòòji gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mẹ́ta péré ló rà níbẹ̀. Ìyá mi kò pariwo. Ó kó èyí tó rà fún oní-ewúrẹ́ kejì ilé, ó sì dá iye owó rẹ̀ fún mi, 14, bí ìgbà tó ń ka owó fún oníbàárà.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní kànìnkànìn mi ti kọ́kọ́ bó iṣu lára, mo ti bá èbu ṣí ilẹ̀kùn ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà. Omi tí n kò jẹ́ kó gbẹ nínú yàrá tí kò sí atẹ́gùn, oúnjẹ èbu ni. Omi irú fúnra rẹ̀, ọbẹ̀ ọ̀fẹ́ ni fún ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ dé. Gbogbo ìyẹn yé mi. Èyí tó kàn mí lára ni èyí tó sọ gbẹ̀yìn: pé Bacillus subtilis kì í ṣe ẹnì kan, ìdílé ńlá ni. Èyí tó mọ irú ṣe lè má mọ èbu jà. Nínú àwọn tó mọ èbu jà pàápàá, ẹnì kan lè mọ ti iṣu kó má mọ ti tòmátì. Okigbo kò sáré fún èyí tó bá rí sí iṣu. Ó kọ́kọ́ fi òun àti èbu jà ná. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní QST 713, inú ilẹ̀ oko píìṣì kan ní California ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ ní 1995, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀ nítorí pé orúkọ Látìn rẹ̀ kò tó láti fi pè é láàárín àwọn ẹbí rẹ̀.

Orúkọ tí mo ń yìn fún mímọ́ rẹ̀, ohun tí kòkòrò ṣe sí Bàbá Oko ló ṣe sí mi. Ó kó ẹni púpọ̀ sábẹ́ ìbòrí kan, mo sì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má sunkún, pé ìtàn tó le ju tèmi lọ wà ní Ìbàdàn nítòsí. Èbu kan wà tó ń jẹ́ Aspergillus flavus, tó máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà. Ó ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ wo ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: a láti ara Aspergillus, fla láti ara flavus, toxin tó jẹ́ májèlé. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó mọ̀ pé inú oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fún wọn jẹ ni ikú wà. Ní Kẹ́ńyà ní 2004, èèyàn 125 ló kú nítorí àgbàdo tó ti bu. Síse kò ní í mú májèlé yìí kúrò, kò sì ní òórùn tí ìyá ẹnikẹ́ni lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Aspergillus flavus ló ń ṣe é. Àwọn kan wà nínú ìdílé kan náà tí kò mọ májèlé ṣe rárá. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà, wá àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yìí kiri nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yan mẹ́rin, wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kó má baà hù, wọ́n sì pa á láró kó má baà jọ oúnjẹ. Kílò 10 ni àgbẹ̀ máa fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ á gba ilẹ̀, àwọn apani á dé, wọn kò ní í bá àyè. Aflasafe ni wọ́n pè é. NAFDAC fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014. Ó lè dín májèlé náà kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èbu ni wọ́n fi ń lé èbu, ìyẹn sì yàtọ̀ sí bakitéríà tiwa, àmọ́ ohun tó dá mi dúró ni pé èyí tó pa èèyàn ní Kẹ́ńyà àti èyí tó wà nínú àpò Aflasafe, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ ní Látìn.

Mo padà sórí bébà. Mo ti dá orúkọ mẹ́rin fún bakitéríà yìí, mo sì ti pa mẹ́ta rẹ́. Èyí tó kù ni amúrúgbà, ohun tó ń mú irú gbà. Ó dùn mọ́ súpáfáísọ̀ mi nínú, ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ni màá wá pe àwọn bakitéríà tí kò mọ irú ṣe. Mi ò rí i dá lóhùn. Fún bébà náà, mo jáwọ́ nínú orúkọ, mo kàn sọ ọ̀rọ̀: "Ohun abẹ̀mí kan wà tí ojú kò lè rí. Ìbátan rẹ̀ ló ń mú irú gbà. Bí èyí tí àwọn onímọ̀ ti yàn fún iṣu bá tètè gba ara iṣu, èbu kò ní í rí àyè. Omi irú kọ́ ni o. Ẹ má fi omi irú wẹ iṣu." Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yọ méjì tó gbẹ̀yìn kúrò. Mo kọ̀, mo ní mo ti sanwó wọn.

Ní oṣù Igbe, Bàbá Oko tún wá. Èmi kọ́ ló ṣàlàyé fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá mi ló ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, bí nǹkan yẹn ṣe máa ń gba hóró igbá, tí nǹkan mìíràn kì í fi í lè wọ̀ ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní ó máa ṣe sí iṣu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú igbá mi. Ọmọ yín ti dán tiwa wò." Bàbá Oko wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Ṣé ó máa rùn?"

"Rárá, Bàbá."

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

Gbogbo wa yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Ó sọ òtítọ́ fún un, pé kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan tí àwọn wọ̀ ní Bódè Sáàdú. Ó ní kí ó ṣì máa yẹra fún fífi ọkọ́ ha iṣu ná, kí ó ya èyí tó bá fara gbọgbẹ́ sọ́tọ̀ sí ibi tó móoru fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje kí ojú ọgbẹ́ lè jinná, kí ó má sì tò ó lé ara wọn. Bàbá Oko ní òun mọ gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó bí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n ti yàn yẹn nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ní díẹ̀ tí àwọn ń tọ́jú nínú ìgò. Bàbá Oko ní kí ó mú un wá nígbà tí wọ́n bá wa iṣu tuntun, òun á fún un ní 30 kó fún un sí lára, òun á sì to 30 mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ó ní, "Bó bá rà, ẹ̀yin lẹ máa san án."

Wọ́n tò wọ́n sínú àká ní oṣù Ọ̀pẹ. Èmi ni mo ń kà wọ́n ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí mo fi ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ọmọ Bàbá Oko tó ti wọ Pọ́lì báyìí ló sì ń gbé mi lọ lórí ọ̀kadà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbà kẹta. Ní ti iṣu 14, mo ti san owó 9. Ìyá mi ní òun kò kánjú, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde nílé ló máa ń rán mi létí iye tó kù.